Ta Ló Ṣe É? Ọ̀rọ̀ lórí Ìṣọwọ́lò-Èdè nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wà níwájú yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá ń gúnyán lọ́wọ́ tó ń gbọ́ wa, kí wọ́n má pa rédíò o. Ọ̀rọ̀ tiwọn wà nínú rẹ̀.

Ara ògiri ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ tó ń lọ sí Ọ̀kà nílẹ̀ Àkókó wa níbí yóò gba Àkùngbá kọjá. Kí ó tó dé ibi tó ń lọ, ó ṣòro kí ó má rí ilé kan tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí lára pé: THIS HOUSE IS NOT FOR SALE. Nígbà mìíràn wọ́n á tún fi sí i pé BEWARE OF 419. Mo ti rí i lára ilé tí kò tíì ní òrùlé, tí koríko ti hù nínú pálọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹjú mọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì dárúkọ ẹni tó ń bá wí. Kò tilẹ̀ sọ ohun tí ilé náà jẹ́. Ohun tí kò jẹ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn kì í ṣàdéédé sọ pé nǹkan kò rí báyìí, àfi bí ẹnìkan bá ti rò pé báyìí ló rí. Bí mo bá pàdé yín lọ́jà láàárọ̀, tí n kò tíì kí yín, tí mo kàn ní, "Èmi kọ́ ni mo jí ewúrẹ́ o," ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ara yín ni pé ewúrẹ́ ta ló sọnù. Iṣẹ́ tí NOT ń ṣe lára ògiri yẹn nìyẹn. Ó ti jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnìkan ti fẹ́ tà á rí, tàbí pé ẹ̀rù ń ba ẹnìkan pé wọ́n lè tà á lẹ́yìn òun. Bóyá àbúrò ló ń ṣọ́ ẹ̀gbọ́n, bóyá ọmọ ìyàwó kan ló ń ṣọ́ ọmọ ìyàwó kejì. A kò rí ẹbí náà rí, a kò sì mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan ti ṣílẹ̀kùn pálọ̀ wọn fún wa.

Ti 419 ńkọ́? Nọ́ńbà abala kan nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà ni, èyí tó dá lórí fífi ẹ̀tàn gba nǹkan oníǹkan. Agbẹjọ́rò àti adájọ́ ló ni í tẹ́lẹ̀. Ó ti ọwọ́ wọn bọ́ sẹ́nu ará ọjà, ó sì ti ẹnu ará ọjà bọ́ sára ògiri. Ọmọdé tí kò rí ìwé òfin sójú rí mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ohun tí a ṣe tán yìí ni wọ́n ń pè ní stylistics ní fáṣitì. Àwa ń pè é ní ìmọ̀ ìṣọwọ́lò-èdè. Ó wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ nínú Fáṣitì Adékúnlé Ajásin tó wà ní Àkùngbá láti ọdún 1999, nítòsí wa níbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìmọ̀ yìí kò ju ká mọ orúkọ àwọn ọ̀nà èdè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ girama: simile rè é, metaphor rè é, personification rè é, a há wọn sórí, a lọ dà wọ́n sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ewé tó wà nínú agbọ̀n ẹlẹ́wé ọmọ, tí kò bèèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wò, kò tíì di oníṣègùn.

Yíyàn ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí. Ẹnìkan fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀nà márùn-ún ló wà tó lè gbé e gbà, ó mú ọ̀kan, ó fi mẹ́rin sílẹ̀. Kí ló dé tó fi mú ìyẹn? Kí ni ìbá ti ṣẹlẹ̀ ká ní òmíràn ló mú? Ibi tí kò bá ti sí yíyàn, kò sí ìṣọwọ́lò-èdè níbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yàtọ̀ sí ẹ̀ka èdè. Ará Ọ̀kà kò yan Ọ̀kà tó ń sọ, ará ìlú mìíràn kò sì yan tirẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí kálukú sí. Ṣùgbọ́n bí ará Ọ̀kà bá dé ìpàdé ẹbí ìyàwó tó pa Ọ̀kà tì, tó ń fi Yorùbá ajùmọ̀lò sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti yan nǹkan nìyẹn, àwọn àna rẹ̀ sì ti gbọ́ ohun tó ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ.

Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC, ìbéèrè kan wà tí gbogbo ẹni tó ti ṣe é rí mọ̀. Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan yọ nínú àyọkà, wọ́n á ní kí ẹ wá òmíràn tó lè rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀kọ́ ni, lójú tèmi. Bí ẹ bá fi died rọ́pò passed on, ẹ ó gba máàkì yín, ìtumọ̀ kò yí padà. Síbẹ̀ nǹkan kan ti jábọ́ láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Kí ló jábọ́? Ìdajì tó kù nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bi yín.

Kì í ṣe ìwé lítíréṣọ̀ nìkan ni wọ́n dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀ fún. Charles Bally, ará Switzerland tó kọ ìwé ńlá kan lórí ìṣọwọ́lò-èdè Faransé ní 1909, èdè tí ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́ ló gbájú mọ́. Ní 1969, David Crystal àti Derek Davy gbé ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi yẹ ìtàkùrọ̀sọ wò, àti èdè ìsìn, èdè ìwé ìròyìn, títí dórí ìwé àdéhùn àwọn agbẹjọ́rò. Nílé níbí, Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, kọ́ni ní ìmọ̀ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tún jẹ́ akéwì. Ẹni tó ń tú u palẹ̀ náà ló ń hun ún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ìyá tí ń gúnyán yẹn ti mọ̀wé jù wá lọ: pósítà òkú.

Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ń bọ̀, kò sí òpó iná tàbí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí pósítà kò ní sí lára rẹ̀ nínú àwọn ìlú wa. Ẹ dúró níwájú ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ bo ọjọ́ orí olóògbé. Ẹ ka àkọlé nìkan. Bó bá jẹ́ CELEBRATION OF LIFE tàbí CALL TO GLORY, ẹ ti mọ̀ pé àgbà ló lọ, aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, màlúù ti wà lórí ìso. Bó bá jẹ́ GONE TOO SOON tàbí PAINFUL EXIT, ẹ ó mí kanlẹ̀ kí ẹ tó wo àwòrán. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Àwa fúnra wa la pín ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti pín tiwa. Ọba wàjà. Àgbà re ibi àgbà ń rè. Ọ̀dọ́ kú, òfò ṣẹ̀. Bí ẹnìkan bá jáde láàárọ̀ tó ń sọ gbangba nígboro pé ọba kú, òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni.

Ẹ tún wo pósítà náà. Ẹ wá die, ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí kú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ka ìwé náà mọ̀ pé ikú ló pè wá jọ, ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ pé ẹnikẹ́ni kú. Wo ibi ètò: WAKE-KEEP, LYING-IN-STATE, INTERMENT. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan. Ta ló ń sin ta? Ìwé kò wí. Wọn kò sì kọ BURIAL síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. INTERMENT, tó gbé agbádá wọ̀, ni wọ́n mú, nítorí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ iyì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á sọ pé entertainment of guests ló kàn. Ìyẹn ni iyán, ìrẹsì àti ẹran. Àwọn ọ̀dọ́ wa ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́; Item 7 ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n yọ́ mú nínú ìwé ètò ìpàdé. Ẹ wo bí oúnjẹ ṣe ti inú ìkòkò dé ọ́fíìsì akọ̀wé.

Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ló sọ Amos Tutùọlá di ẹni ńlá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1920, kò kàwé púpọ̀. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, nígbà tó kọ The Palm-Wine Drinkard, tí àwọn Faber and Faber tẹ̀ jáde ní London ní 1952. Àwọn òyìnbó kan yìn ín gidigidi. Ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tiwa: wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dánmọ́rán, wọ́n ní ó ń bà wá lórúkọ jẹ́. Ní tèmi o, ìhà méjèèjì ni kò wo ibi tó yẹ.

Nínú ìtàn náà, ọkùnrin tí ìtàn dá lé lórí àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun ńlá kan. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yá ẹlòmíràn pẹ̀lú èlé. Títí dé ibẹ̀, àlọ́ ni. Ọmọ Yorùbá wo ni kò gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí Tutùọlá ní wọ́n ta ikú náà: £70:18:6d. Ti ẹ̀rù, £3:10:0d lóṣooṣù. Ká ní àádọ́rin pọ́n-ùn gbáko ló kọ ni, àlọ́ ni ìbá máa pa lọ. Ṣílè méjìdínlógún àti pẹ́ńsì mẹ́fà tó fi lé e ló sọ ọ́ di rìsíìtì. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó ń gbé fáìlì láti yàrá kan sí èkejì lójoojúmọ́, tí owó àti déètì ń kọjá lójú rẹ̀. Ó dé ilé lálẹ́, ó mú kálámù, ọ́fíìsì sì tẹ̀ lé e wọ inú igi náà. Gírámà rẹ̀ ni gbogbo wọn ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìwé ìṣirò owó tó gbé lé ikú lórí ni wọn ò rí.

Chinua Achebe náà ti fi irú nǹkan yìí hàn wá kedere. Nínú àròkọ kan tó jáde ní 1965 lórí òǹkọ̀wé Áfíríkà àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó mú ibì kan nínú ìtàn àròsọ rẹ̀, Arrow of God, níbi tí Ezeulu, olórí àwòrò, ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ìdí tó fi ń rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Achebe wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ọ́fíìsì, ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìròyìn kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni ó rán ọmọ. Ṣùgbọ́n bàbá ló ń sọ̀rọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, akọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀ nínú èkejì. Bí ẹ bá rí àròkọ yẹn, ẹ kà á, kò gùn.

Mo fẹ́ parí sórí èyí tó wúwo jù.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ya wọ àárín àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà fáṣitì ní Àkùngbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Kò sí ará Àkókó tí kò mọ ohun tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ojú ọ̀nà wa ń ṣe sí ọkọ̀ tó ru ẹrù, kò sì yẹ kí n máa tún un sọ. Èdè tí a fi ń ròyìn irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. Kì í ṣe ìwé ìròyìn kan pàtó ni mò ń bá wí. Irú gbólóhùn tí gbogbo wa ń kà lọ́jọ́ gbogbo ni.

Wọ́n á kọ ọ́ pé: The truck lost control. Ta ni olùwà gbólóhùn yẹn? Ọkọ̀ ni. Ìjánu bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀, bíi pé ọwọ́ ọkọ̀ ni ìjánu wà tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú gbólóhùn náà kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á tún kọ ọ́ pé: due to brake failure. Fail, ọ̀rọ̀ ìṣe, ni wọ́n sọ di failure, ọ̀rọ̀ orúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá ti di ọ̀rọ̀ orúkọ, kò tún ní olùwà mọ́, kò sì ní àkókò. Ìgbà wo ni bíréèkì náà ti ń daṣẹ́ sílẹ̀? Ta ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ló ní kí ọkọ̀ máa lọ bẹ́ẹ̀? Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn ló rì sínú ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ̀kẹta ni: Several lives were lost. Ẹ̀mí sọnù, bí owó ṣe ń sọnù lápò. Kò sẹ́ni tó pa ẹnikẹ́ni.

N kò sọ pé oníròyìn ń purọ́ o. Ó lè máà mọ ẹni tó jẹ̀bi, ó lè máa bẹ̀rù ilé ẹjọ́, olóòtú lè máa pè é kí ó tètè fi ìròyìn ránṣẹ́. Kí a má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ ibi ìsápamọ́. Àwa náà ń sọ pé ẹ̀mí ṣòfò. Àwa náà ní "wọ́n". Wọ́n kó owó ilé ìwé. Wọ́n ti jí wáyà iná gbé. Ta ni wọ́n? Ẹ bèèrè, kí ẹ wo ojú ẹni tó sọ ọ́.

Nísinsìnyí ẹ wá wo ìwé kan tí irú ìsápamọ́ yìí wà nínú rẹ̀. Ní 1955, William Golding kọ ìtàn àròsọ kan tó pè ní The Inheritors, nípa irú ènìyàn àtijọ́ kan tí irú ènìyàn tiwa bá láyé, tí wọ́n sì pa run nínú ìtàn náà. Ọ̀kan nínú wọn, Lok, kò mọ ohun tí ọfà ń jẹ́. Ọkùnrin kan ta ọfà sí i láti òdì kejì odò. Ohun tí Lok rí ni igi kan tó ń kúrú tó tún ń gùn, lẹ́yìn náà igi tó wà létí rẹ̀ dún. Kò rí i pé ẹnìkan ṣe nǹkan kan sí òun. Michael Halliday, onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tú gírámà ìwé yẹn palẹ̀ ní 1971. Ó fi hàn pé níbi tí Lok bá ti ń wo ayé, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn ṣe nǹkan sí nǹkan mìíràn nínú gbólóhùn. Nǹkan kàn ń ṣẹlẹ̀ fúnra wọn ni. Ìgbà tí ìwé ń lọ sópin, tí ìtàn bọ́ sójú àwọn ènìyàn tuntun tó ní ọfà, gírámà yí padà: wọ́n ń mú, wọ́n ń jù, wọ́n ń pa.

Ẹ gbé ọkọ̀ tó pàdánù ìjánu ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó ń kúrú tó ń gùn. Gírámà kan náà ni. Golding mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí a lè mọ ibi tí òye Lok mọ. Lok kò mọ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe wá. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ka ìròyìn mọ̀ pé ọkọ̀ kì í wa ara rẹ̀. Bí a bá ti ka gbólóhùn yẹn títí tí kò ta wá létí mọ́, Lok ni gbogbo wa.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyí. Ẹ wá ìròyìn jàǹbá kan, tàbí ìwé ìkìlọ̀ kan láti ọ́fíìsì, tàbí pósítà kan. Ẹ fi bírò fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ibi tí ẹ ò bá ti rí orúkọ kọ, ẹ fi àyè sílẹ̀. Ẹ ka iye àyè tó ṣófo, kí ẹ kọ ọ́ sí òkè ìwé náà, kí ẹ sì mú un dání bí ẹ bá fẹ́ tan rédíò yín.